Ààlè Lórí Máàpù: Bí Àwọn Ayamáàpù Enugu Ṣe Ń Bá Ará Ayé Sọ̀rọ̀

OpenStreetMap, tí àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ ń gé kúrú sí OSM, jẹ́ máàpù gbogbo ayé tí kò sí iléeṣẹ́ kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun lòún ni ín, nítorí pé àwọn ènìyàn lásán láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń yà á, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí ẹnikẹ́ni sì lè mú un lò láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Steve Coast, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004, ní àsìkò tí máàpù tí iléeṣẹ́ ìjọba ń yà ní ilẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí ará ìlú lè lò bó ṣe wù ú. Lónìí, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń fọwọ́ kan máàpù náà lóṣooṣù. Irú iṣẹ́ báyìí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní open source, ìyẹn iṣẹ́ tí a kò fi inú rẹ̀ pamọ́: ẹni tó bá fẹ́ lè wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kí ó mú un, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn, lábẹ́ àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ kedere. Àdéhùn ti OSM, èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 2012, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó pé kí ó dárúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, kí ó má sì gbé àkójọ tí òun bá ti inú rẹ̀ yọ pamọ́ nígbà tó bá fi í síta.

Ní Enugu, iṣẹ́ yìí rí ilé sí ọgbà Yunifásítì Nàìjíríà tó wà nínú ìlú náà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UNEC, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìwọ̀n-ilẹ̀ àti ìmọ̀ máàpù wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní LionMappersTeam, nítorí pé kìnnìún ni àmì yunifásítì náà. Ẹgbẹ́ náà sì wà lábẹ́ YouthMappers, àjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayamáàpù tí àwọn yunifásítì mẹ́ta ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2015 pẹ̀lú ìrànwọ́ USAID. Iṣẹ́ kò sì lè wọ́n wọn. Ìlú tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí orí òkè, tí èédú tí wọ́n rí ní òkè Udi ní ọdún 1909 sọ di ìlú ńlá, kún fún àdúgbò tí kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n tẹ̀ wọ́n dó, tí kì í sì í ṣe ọwọ́ kan náà ló lànà wọn: Coal Camp tí ó jẹ́ ibùgbé àwọn awakùsà tẹ́lẹ̀, Asata, Uwani, New Haven, Achara Layout, Abakpa, títí dé Emene ní ìhà pápákọ̀ òfúrufú. Odò Ekulu àti odò Asata la inú ìlú kọjá, afárá sì wà lórí wọn ní ibi púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé, títì, afárá àti ilé ìwòsàn wọ̀nyí hàn lórí máàpù ní láti jókòó ti àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè, kí ó máa fa ìlà yí òrùlé kọ̀ọ̀kan ká, kí ó sì wá fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láti mọ orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ń pè é.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni OSM. Lójú àwọn tó wà nídìí rẹ̀, iṣẹ́ púpọ̀ tó so kọ́ra ni, tí onírúurú ènìyàn ń bójú tó. Àkójọ máàpù fúnra rẹ̀ dá dúró. iD, irinṣẹ́ tí à ń fi ya máàpù nínú ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, dá dúró, àwọn tó ń kọ ọ́ sì ní ibi tí wọ́n ń gba ẹ̀sùn lórí GitHub. JOSM, irinṣẹ́ tó lágbára jù ú lọ, tí à ń gbé sórí kọ̀ǹpútà, ní ibi ìgbàfisùn tirẹ̀ tó yàtọ̀ pátápátá. Tasking Manager, tí à ń fi pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wà lọ́wọ́ àjọ mìíràn. Àwọn áàpù fóònù bíi OsmAnd, Organic Maps àti StreetComplete, tí wọ́n ń jẹ lára máàpù yìí tàbí tí wọ́n ń fi kún un, ní olówó tiwọn. Nígbà náà, bí títì kan ní Uwani kò bá hàn lórí fóònù, ta ni kí a bi? Ó lè jẹ́ pé ẹni tó yà á ló ṣe àṣìṣe. Ó lè jẹ́ pé irinṣẹ́ tó fi yà á ló ní àbùkù. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí àṣìṣe kankan, pé áàpù inú fóònù náà kò tíì gba àtúnṣe tuntun ni. Àgbà nínú iṣẹ́ mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ẹni tó dé lánàá kò mọ̀, ó sì máa ń gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ sí ibi tó mọ̀, èyí tí í ṣe WhatsApp.

Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti bú u fún èyí. Dátà kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà, WhatsApp kì í jẹ dátà púpọ̀, orí fóònù gbogbo ló sì wà. Gúrúùpù WhatsApp ni wọ́n fi ń pe ara wọn sí ìpàdé, òun ni wọ́n fi ń sọ pé iná ti dé nínú ọgbà, òun ni wọ́n fi ń yin ẹni tó ya ilé tó pọ̀ jù lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n gúrúùpù dà bí yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀: ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ kò gbọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í sábà rí ohun tí wọ́n sọ kí ó tó dé, Google kò lè wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rí, iye tó sì lè gba kò ju 1,024 lọ (kí ó tó di ọdún 2022, 256 péré ni). Ìbéèrè tí ẹnì kan dáhùn dáadáa ní Enugu ní oṣù Kẹta, ẹlòmíràn á tún béèrè rẹ̀ ní Port Harcourt ní oṣù Kẹfà, ẹlòmíràn á tún béèrè rẹ̀ ní Kampala, kò sì ní sí ẹni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mọ̀ pé wọ́n ti dáhùn rẹ̀ rí. Àárẹ̀ tó ń bá àwọn tó mọ iṣẹ́ wá láti ibẹ̀: dídáhùn ohun kan náà nígbà ogún.

Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà báyìí ti ń bá ìṣòro yìí jà tipẹ́ kí WhatsApp tó wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1988 ni Jarkko Oikarinen, ní Yunifásítì Oulu ní Finland, ṣe IRC, ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí a pín sí ìkànnì, tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, débi tí iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún fi lè wà lábẹ́ òrùlé kan, tí ènìyàn á kàn ti ìkànnì kan bọ́ sí èkejì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, Linus Torvalds, kéde ní gbangba fún àwọn tó ń lo ètò Minix pé òun ń ṣe nǹkan tuntun kan, èyí tó wá di Linux. Ìkéde tí ẹnikẹ́ni lè fèsì sí ni.

Wàhálà àwọn òrùlé ńlá bíi ti IRC ni pé wọ́n ní onílé. Freenode, tí ó jẹ́ ilé IRC tó tóbi jù fún àwọn oníṣẹ́ open source fún ọ̀pọ̀ ọdún, tú ká ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí ìjà dé lórí ẹni tó ni ín, tí àwọn olùyọ̀ǹda tó ń bójú tó o sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ dá Libera Chat sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù náà. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, àwọn aláṣẹ tuntun ti gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé àwọn ti kó lọ sí Libera. Ìkànnì OSM bọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ilé mìíràn tó ń jẹ́ OFTC ni wọ́n gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Slack náà, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sá lọ bá nítorí pé ó rọrùn ju IRC lọ, yí ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀ padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀rọ̀ tó bá sì ti ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ pòórá lójú ẹgbẹ́ tí kò sanwó. Àwọn tó ń sọ pé ìkànnì kan ṣoṣo fún gbogbo ayé ni ojútùú kì í sábà rántí ìtàn wọ̀nyí.

Ohun tó yẹ kí àwọn ènìyàn máa wò ju òrùlé lọ wà nínú máàpù náà fúnra rẹ̀, Yorùbá sì ní orúkọ tó bá a mu. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ṣẹ́gi jọ sínú igbó, tí kò sì lè rù ú tán lọ́jọ́ náà, á pààlè sí i: á so èkísà, ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ṣùkù àgbàdo tàbí ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, kí ẹni tó bá kọjá lè mọ̀ pé igi náà ní olówó, kí ó sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá jí i. Kì í ṣe pé olówó igi dúró tì í. Kì í sì í ṣe pé ó lọ kéde rẹ̀ láàárín ọjà. Ọ̀rọ̀ náà wà lára igi. Bí igi bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó sì kan ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìyẹn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé igi, ni yóò rí i.

Irú ààlè yìí ni OSM ní. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Enugu bá ya ilé mẹ́tàdínlógún ní Coal Camp, tó sì fẹ́ fi wọ́n pamọ́ sórí máàpù, àpótí kékeré kan á ṣí, á ní kí ó kọ ohun tó ṣe àti ibi tó ti rí i: bóyá àwòrán sátẹ́láìtì ni, bóyá ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ ni. Gbogbo ilé mẹ́tàdínlógún náà á wá di ìdì kan, ìdì àtúnṣe tó ní nọ́ńbà, orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí. Ìdì kan kò gbọdọ̀ ju 10,000 àtúnṣe lọ, bí wákàtí kan bá sì kọjá láìsí ohun tuntun nínú rẹ̀, á dì fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2014 ni ẹnikẹ́ni tó ti forúkọ sílẹ̀ ti lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìdì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà á lọ bá ẹni tó ni ìdì nínú í-meèlì rẹ̀, gbogbo àwọn tó bá sì dá sí i á máa gbọ́ èsì. Ẹni tó ń lo JOSM àti ẹni tó ń lo iD, ẹni tó fi fóònù ṣe é àti ẹni tó fi kọ̀ǹpútà ṣe é, ibẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bá ara wọn pàdé, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni ọwọ́ gbogbo wọn kàn. Ẹni tí kò mọ̀ nípa ìforúkọsílẹ̀ pàápàá lè fi àmì kan lé orí máàpù pé afárá yìí ti wó tàbí pé ilé ìwòsàn yìí ti kó lọ. Ètò náà ti wà láti ọdún 2013, àmì náà á sì dúró lójú máàpù títí ẹnì kan á fi yanjú rẹ̀.

Ibi tí ààlè yìí ti wúlò jù ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá rọ́ sí ibì kan. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó wáyé ní Haiti ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010, àwọn olùyọ̀ǹda láti gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlú Port-au-Prince lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹni méjì ń ya ilé kan náà, títì kan kò sì ní ẹni tó kàn án. Nínú iṣẹ́ yẹn ni àjọ Humanitarian OpenStreetMap Team ti jáde, tí wọ́n sì ṣe Tasking Manager. Ètò náà á gé ilẹ̀ tí a fẹ́ yà sí àlà kéékèèké lójú máàpù. Ẹni tó bá mú àlà kan, á tì í mọ́ ẹlòmíràn, ìtìpa náà kì í sì í ju wákàtí méjì lọ, kí ẹni tó gbàgbé tàbí tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ má baà di iṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó bá parí, á kọ ohun tó ṣẹ́kù sínú àpótí ọ̀rọ̀ àlà náà; ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ á wá yẹ̀ ẹ́ wò, á fọwọ́ sí i tàbí kí ó dá a padà pẹ̀lú àlàyé. Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Guéckédou ní Guinea, tí àwọn dókítà Médecins Sans Frontières sì nílò máàpù abúlé tí kò sí lórí máàpù kankan, ètò yìí ni àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn, tí wọn kò sì mọ ara wọn rí, fi pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn.

Èyí kò sọ pé àlàáfíà ló wà lábẹ́ àwọn ìdì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ láti ẹnu àgbáyé OSM jẹ́ ìbáwí ṣókí láti ọwọ́ ẹnì kan ní Yúróòpù, pé òrùlé tí wọ́n yà wọ́, pé wọ́n ya ilé kan lé ilé mìíràn lórí. Ìbáwí náà sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Bí a ṣe sọ ọ́ ni kò dára. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wọn ń lò kò ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni í fi ń pe ọmọdé àti àgbà. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ béèrè ìdí tí àjèjì fi pa ilé kan rẹ́ yóò kọ́kọ́ rò ó bóyá "o" ni kí òun kọ tàbí "ẹ", yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dá sí ọ̀rọ̀ náà kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ Igbo kò ní irú ìṣòro yẹn, nítorí pé èdè rẹ̀ kì í fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé a kì í pàdé àgbà lójú ọ̀nà kí a máa bi í ní ìbéèrè láìkí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àjọ tó ń bójú tó OSM gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ya máàpù lọ́pọ̀: kí wọ́n kéde ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi àmì kan náà sí ìdì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú #, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe lè mọ ilé tí yóò lọ fẹjọ́ sùn. Àwọn kan rí i bí ìdènà fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ó jọ pé òdìkejì rẹ̀ ló tọ̀nà, nítorí pé olùkọ́ wọn ni àmì náà ń fa àjèjì lọ bá, kì í ṣe ọmọ ogún ọdún tó ya ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ lánàá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ le ju ti òrùlé lọ, ààlè nìkan kò sì tó fún un. Ṣé Coal Camp ni kí máàpù kọ, tàbí Ogbete, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ kan lè wà lórí ìwé, kí èkejì wà lẹ́nu awakọ̀? OSM ní àyè fún gbogbo wọn: àyè orúkọ gan-an, àyè orúkọ mìíràn, àyè orúkọ àtijọ́, àyè orúkọ ní èdè Igbo pẹ̀lú àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ní èdè Yorùbá bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́. Ṣùgbọ́n èwo ló yẹ kí ó wà ní àyè àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí ẹni méjì lè parí lábẹ́ ìdì kan, nítorí pé ìlú gbogbo ló kàn, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò ya àdúgbò mìíràn lọ́la lè rí ìpinnu náà. Irú rẹ̀ ló yẹ kí a gbé lọ sí gbàgede tó ṣí sílẹ̀, tí OSM ṣe tuntun ní ọdún 2022, tó sì kó ọ̀rọ̀ gbàgede àtijọ́ wọ inú rẹ̀, kí àwọn ìlú àti àwọn irinṣẹ́ lè wà lábẹ́ òrùlé kan tí OSM fúnra rẹ̀ ni onílé rẹ̀. WhatsApp á wá kù fún ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: ta ni yóò mú omi wá, aago mélòó ni a ó pàdé ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ta ni ó ní fóònù tí bátìrì rẹ̀ á dúró di ìrọ̀lẹ́. Ìpín yìí rọrùn láti sọ lẹ́nu. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ìdáhùn tó dára jù lọ sábà máa ń jáde lórí WhatsApp, ní aago mọ́kànlá òru, kò sì sí ẹni tó ń ṣe wàhálà láti dà á kọ sí gbangba.

Àwọn tó ń ran irú ẹgbẹ́ báyìí lọ́wọ́ sì lè lọ. USAID, tó wà lẹ́yìn YouthMappers nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, kò sí mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìjọba Amẹ́ríkà tú u ká ní ọdún 2025. Akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ń lọ. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ ìwọ̀n-ilẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ní Abuja tàbí Èkó, nọ́ńbà fóònù á yí padà, ẹni tó jẹ́ alága gúrúùpù á sì kúrò nínú rẹ̀ láìdágbére. Ìdì tó ṣe ní Coal Camp kò bá a lọ. Bí wọ́n bá wó ọ̀kan nínú àwọn ilé mẹ́tàdínlógún náà lọ́dún tó ń bọ̀, tí ọmọ ọdún kìíní kan ní UNEC sì kọ ọ́ sábẹ́ ìdì náà pé òun kọjá níbẹ̀, òun kò rí i mọ́, ọ̀rọ̀ náà á lọ bá olówó rẹ̀ nínú í-meèlì, bí ó bá jẹ́ í-meèlì tó ṣì ń ṣí ló fi forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá ṣí i mọ́, ìbéèrè náà á wà níbẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà ìdì, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé náà sì lè fèsì sí i.